Ìtọ́jú oúnjẹ àti ààbò lọ́wọ́ ẹranko nínú aba oko

Ìtọ́jú oúnjẹ nínú aba oko ni àpapọ̀ àwọn ọ̀nà tí ẹni tó bá sùn sí oko, sí inú igbó tàbí sí abẹ́ àgọ́ aṣọ fi ń pa oúnjẹ rẹ̀ mọ́, kí ó má baà bàjẹ́, kí òórùn rẹ̀ má sì fa ẹranko wá sí ibi tí ènìyàn sùn. Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, béárì ni ẹranko tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń dárúkọ bí ọ̀rọ̀ yìí bá ṣẹlẹ̀. Kò sí béárì nínú igbó ilẹ̀ Yorùbá. Eku, ejò, ìjàlọ, oyin àti ọ̀bọ ló ń ṣe iṣẹ́ tí béárì ń ṣe níbòmíràn. Àpilẹ̀kọ yìí dá lórí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí ní Iyah-Gbẹ̀dẹ̀ àti ní ilẹ̀ Okun káàkiri, ó sì mẹ́nu ba ti béárì fún àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní òkè òkun.

Agbègbè náà àti àwọn tó ń sùn sí oko

Iyah-Gbẹ̀dẹ̀ jẹ́ ìlú kan ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìjùmú, ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ó wà lára àwọn ìlú Gbẹ̀dẹ̀, bíi ti Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀. Àwọn Gbẹ̀dẹ̀, àwọn Ìjùmú, àwọn Ọ̀wé tó wà ní Kàbà, àwọn Bùnú, àwọn Yàgbà àti àwọn Ọ̀wọ̀rọ̀ ni a ń pè lápapọ̀ ní Okun, orúkọ tó jáde láti inú ọ̀rọ̀ ìkíni wọn. Abẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwárà ni wọ́n wà kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991. Ìpínlẹ̀ Kogí bá Ìpínlẹ̀ Òǹdó, Ẹdó àti Èkìtì pààlà, ọ̀rọ̀ yìí yóò sì wúlò níwájú nígbà tí a bá dé orí ibà Lassa.

Ilẹ̀ àpáta ni ilẹ̀ Okun, igbó àti ọ̀dàn sì pàdé níbẹ̀. Òjò máa ń rọ̀ láti nǹkan bí oṣù Kẹrin títí di oṣù Kẹwàá, ẹ̀rùn ló sì gba ìyókù ọdún. Iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ọkà bàbà àti ẹ̀wà ni àwọn àgbẹ̀ ń gbìn fún jíjẹ. Kọfí, kòkó àti kajú sì ni wọ́n ń gbìn fún títà. Àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ wà ní etílé lè lọ kí ó sì bọ̀ lójúmọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí tirẹ̀ jìnnà máa ń kọ́ ahéré síbẹ̀, a sì máa sùn síbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan tàbí fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, pàápàá ní àkókò ìkọbè, ìkórè iṣu àti ṣíṣa kajú. Bí ahéré bá pọ̀ sí ojú kan, ó di aba. Ọdẹ ń sùn sínú igbó pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lọ ṣe ìwádìí ní orí òkè, àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Sìkáọ̀tù tó ń pàgọ́. Ìyàtọ̀ wọn kò tó nǹkan lójú eku: gbogbo wọn ló gbé oúnjẹ wá sí ibi tí kò sí ògiri tó dára.

Bí oúnjẹ ṣe ń fa ewu wá

Ẹranko inú igbó kò sábà wá ènìyàn wá. Oúnjẹ ni wọ́n ń wá. Nínú ìtàn àwọn ọdẹ àtijọ́, ẹkùn àti ìkookò ni ẹni tó sùn sí oko ń bẹ̀rù. Lónìí, wọ́n ti di ẹranko tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò rí rí. Ohun tó kù ni ẹ̀wọ̀n kan tí ó rọrùn láti ṣàlàyé: hóró àgbàdo tó dà sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ahéré yóò pe eku, eku yóò pe ejò, ejò yóò sì dé ibi tí ẹsẹ̀ ènìyàn wà lóru. Ìyẹ̀fun tí kò ní ìdérí yóò pe èèrà, àwókù ẹran yóò pe ìjàlọ, ọtí ẹlẹ́rìndòdò tàbí ẹmu tó dà sílẹ̀ yóò pe oyin àti agbọ́n. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ejò kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí ejò. Orí oúnjẹ ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Eku àti ibà Lassa

Nínú gbogbo ẹranko tó ń bá ènìyàn du oúnjẹ ní aba, eku kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Mastomys natalensis. Eku kékeré ni, àwọ̀ rẹ̀ jọ ti erùpẹ̀, inú rẹ̀ sì funfun díẹ̀. Ohun tí a fi ń dá abo rẹ̀ mọ̀ ni ọmú rẹ̀ tó pọ̀, tó lè tó 24, nítorí pé ọmọ púpọ̀ ló ń bí lẹ́ẹ̀kan. Inú pápá àti inú ilé ló ń gbé. Òun ni ó ń gbé kòkòrò àìfojúrí tó ń fa ibà Lassa kiri. Eku náà kì í ṣàìsàn. Inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ni kòkòrò náà ń gbà jáde, èyí sì lè máa bá a lọ títí ayé rẹ̀.

Ìlú Lassa, ní ibi tí a ń pè ní Ìpínlẹ̀ Borno lónìí, ni a ti kọ́kọ́ dá àrùn yìí mọ̀ ní ọdún 1969, lẹ́yìn tí àwọn nọ́ọ̀sì míṣọ́nnárì kó o. Láti ìgbà náà, a ti mọ̀ pé ó wà káàkiri ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní Nàìjíríà, Sierra Leone, Liberia, Guinea, Bẹ̀nẹ̀ àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Ní Nàìjíríà, Ìpínlẹ̀ Òǹdó àti Ẹdó wà lára àwọn tí wọ́n ti ń rí i jù lọ, ilé ìwòsàn tó wà ní Irrua ní Ẹdó àti ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀ ní Òǹdó sì wà lára àwọn tó mọ ìtọ́jú rẹ̀ dáadáa. Pààlà tó wà láàrin Òǹdó, Ẹdó àti Kogí kò di eku lọ́wọ́. Wọ́n ti rí àwọn aláìsàn Lassa ní Ìpínlẹ̀ Kogí pẹ̀lú.

Bí àrùn náà ṣe ń wọ inú ènìyàn ni ohun tó kan àgbẹ̀. Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ ni pé kí eku tọ̀ tàbí kí ó yàgbẹ́ sórí oúnjẹ tàbí ohun èlò ilé, kí ènìyàn sì jẹ ẹ́ tàbí kí ó fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá fi ọwọ́ lásán pa eku, tó ń yọ ìfun rẹ̀, lè kó o láti ara ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, pàápàá bí ọgbẹ́ bá wà ní ọwọ́. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ahéré gbígbẹ níbi tí ìgbẹ́ eku pọ̀ sí lè fa eruku rẹ̀ símú. Lẹ́yìn èyí, ènìyàn lè kó o ran ènìyàn nípasẹ̀ ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀, èébì àti omi ara mìíràn.

Ọ̀rọ̀ gàárì àti láfún wá gba àlàyé níhìn-ín. Ní ilẹ̀ Okun, bí ó ti rí ní Èkìtì, orí àpáta ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sá ẹ̀gẹ́ àti iṣu gbígbẹ sí, nítorí pé àpáta ń gbóná, ó sì ń tètè gbẹ nǹkan. Àwọn mìíràn ń sá a sí etí títì. Bí oòrùn bá wà lókè, tí ènìyàn sì ń ṣọ́ ọ, kò burú púpọ̀, yàtọ̀ sí eruku ọkọ̀. Alẹ́ ni ewu wà. Ohun tí a bá fi sílẹ̀ sórí àpáta mọ́jú ti di tábìlì eku. Láfún àti èlùbọ́ ṣì máa ń kọjá nínú omi híhó kí wọ́n tó di àmàlà, iná sì ń pa kòkòrò Lassa. Gàárì tí a fi omi tútù rẹ kò ní oore-ọ̀fẹ́ yìí. Ẹni tó bá ń mu gàárì ní oko, tí àpò gàárì rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ ní gbogbo òru, ń mu ohun tí eku ti kọjá lórí rẹ̀, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ láìfi bò, nítorí pé gàárì mímu ni oúnjẹ ọ̀sán ọ̀pọ̀ àgbẹ̀.

Ẹ̀rùn ni àrùn náà ń pọ̀ jù. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí fún ẹni tó bá mọ oko. Ní àkókò yẹn ni pápá gbẹ, tí wọ́n sì ń sun igbó. Oúnjẹ inú pápá tán fún eku, oúnjẹ inú ilé sì pọ̀ nítorí ìkórè ti wọlé. Eku yóò sá kúrò nínú iná wá sínú ahéré. Ní àkókò kan náà ni àwọn ọmọdékùnrin ń dọdẹ eku nínú pápá tó jó. Ẹran eku tó jinná dáadáa kì í gbé kòkòrò náà. Ọwọ́ tó ń pa á, tó ń họ irun rẹ̀, tó ń tú ìfun rẹ̀ ni ó wà nínú ewu. Àwọn oníṣègùn ń gbani nímọ̀ràn pé kí a má ṣe jẹ eku wọ̀nyí rárá. Ìmọ̀ràn náà dára, ṣùgbọ́n níbi tí ẹran ti wọ́n, ọ̀pọ̀ kò ní tẹ̀ lé e, ó sì sàn kí a kọ́ wọn láti fi ọ̀rá bo ọwọ́ ju kí a dákẹ́ lọ.

Láàrin ọjọ́ 2 sí ọjọ́ 21 lẹ́yìn tí kòkòrò náà bá wọ ara ni àìsàn náà máa ń fara hàn. Nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó kó o kì í ṣàìsàn tó le. Ní ara àwọn ìyókù, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ibà lásán: ara gbígbóná, àárẹ̀, orí fífọ́, ọ̀nà ọ̀fun dídùn, lẹ́yìn náà àyà dídùn, èébì, ìgbẹ́ gbuuru, ojú wíwú, àti ẹ̀jẹ̀ láti imú tàbí ẹnu. Nítorí pé ó jọ ibà ẹ̀fọn, ọ̀pọ̀ ń lo oògùn ibà títí ọjọ́ yóò fi pẹ́. Oògùn tí wọ́n ń lò fún un ni ribavirin, ó sì ṣiṣẹ́ jù bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn kan tó yè é máa ń pàdánù agbára ìgbọ́ràn. Ibà tí kò bá lọ lẹ́yìn oògùn ibà ẹ̀fọn, ní ara ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé, yẹ kí a gbé lọ sí ilé ìwòsàn, kí a sì sọ fún dókítà pé oko ni aláìsàn ti wá. Nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń dènà àrùn ní Nàìjíríà ń gbà láìgba owó ni 6232.

Ibi ìpamọ́

Àwọn baba ńlá wa kò mọ orúkọ Mastomys, ṣùgbọ́n wọ́n mọ eku. Àká tí wọ́n gbé sórí òpó, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ga kúrò nílẹ̀, jẹ́ èsì sí ìbéèrè eku. Àjà orí ààrò náà jẹ́ èsì: èéfín ń gbẹ àgbàdo tí a so kọ́, ó sì ń lé kòkòrò sẹ́yìn. Ìkòkò amọ̀ tó ní ìdérí wíwúwo, agbè tí a fi nǹkan dí lẹ́nu, ẹja àti ẹran tí a yan títí ó fi gbẹ, gbogbo wọn jẹ́ ọgbọ́n tí kò tíì gbó. Ohun tí ayé òde òní fi kún un ni kẹ́ẹ̀gì, garawa onídèérí àti agolo ńlá. Àpò ọ̀rá àti àpò ìdọ̀họ kò sí lára wọn. Eku ń gé àpò bí ẹni gé ewé.

Bí a bá fẹ́ lo àká lónìí, kí a fi páànù yí òpó rẹ̀ ká, kí eku má lè gùn ún, kí a sì gé ẹ̀ka igi tó bá súnmọ́ ọn. Ihò ara ògiri ahéré ni kí a fi amọ̀ tàbí sìmẹ́ǹtì dí. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀, eku náà kò sì lè ráyè. Igbó tó bá yí ahéré ká ni kí a ro kúrò, nítorí eku kì í fẹ́ rìn lójú gbangba. Ààtàn gbọ́dọ̀ jìnnà, kí a sì máa sun ún tàbí kí a bò ó mọ́lẹ̀. Ológbò ṣe iyebíye ní aba, ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó.

Bí ìgbẹ́ eku bá ti wà nínú ahéré tí a ti tì fún ìgbà pípẹ́, kí a má ṣe gbá a bẹ́ẹ̀. Kí a kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn fún afẹ́fẹ́, kí a fi omi tí a po mọ́ jíìkì wọ́n ibẹ̀ títí yóò fi rin, kí a dúró díẹ̀, kí a wá fi àkísà nù ún. Oúnjẹ tí eku bá ti jẹ lára rẹ̀ kò ṣe é gé ibi tó jẹ kúrò kí a jẹ ìyókù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí ọ̀pọ̀ wa tọ́jú dàgbà lé lórí nìyẹn.

Májèlé jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a kò gbọdọ̀ fò. Nítorí eku àti kòkòrò, àwọn kan ń da apakòkòrò sórí ẹ̀wà tàbí sí ẹ̀gbẹ́ àpò àgbàdo. Ní ọdún 2019, ilé iṣẹ́ NAFDAC fòfin de títa apakòkòrò dichlorvos nínú ìgò kékeré ní ọjà, nítorí pé àwọn ènìyàn ń lò ó sí oúnjẹ, wọ́n sì ń fi í pa ara wọn. Kò sí bí a ṣe lè fọ̀ ẹ̀wà tí a fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí kí ọkàn ẹni balẹ̀. Ẹ̀wà tó gbẹ dáadáa, tí a dì sínú kẹ́ẹ̀gì títí dé ẹnu, tí a sì dé pa, kò ní àyè fún afẹ́fẹ́. Kòkòrò inú rẹ̀ yóò kú fúnra rẹ̀. Ẹran tí a bá sì rí ní òkú ní àyíká ibi tí a fi májèlé sí, kí a bò ó mọ́lẹ̀. Kì í ṣe ẹran ọbẹ̀.

Ejò

Ejò tó ń tẹ̀lé eku wọ ahéré pọ̀. Paramọ́lẹ̀ kì í sá bí ènìyàn bá ń bọ̀. Ó máa ń dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, ènìyàn sì lè tẹ̀ ẹ́. Sèbé lè tu oró sí ojú ènìyàn láti òkèèrè. Ní inú ọ̀dàn Nàìjíríà, paramọ́lẹ̀ kékeré kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Echis ocellatus ló ń pa ènìyàn jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ìbunijẹ ejò olóró kún àwọn àìsàn ilẹ̀ olóoru tí a pa tì ní ọdún 2017.

Ẹni tó bá sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní aba kò gbọdọ̀ sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò oúnjẹ. Ibùsùn tó ga kúrò nílẹ̀ sàn jù, àwọ̀n ẹ̀fọn tí a sì ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ ẹní ń dá ejò dúró bí ó ti ń dá ẹ̀fọn dúró. Kí a máa tan tọ́ọ̀ṣì bí a bá ń jáde lóru, kí a wọ bàtà, kí a má sì ki ọwọ́ bọ inú àká tàbí abẹ́ òkìtì iṣu láìwò ó.

Bí ejò bá bu ènìyàn jẹ, kí a má ṣe gé ojú ibẹ̀, kí a má fi ẹnu fà á, kí a má sì fi okùn dè é pinpin. Kí a mú kí ẹni náà fara balẹ̀, kí a fi igi gbá ẹsẹ̀ tàbí apá náà ró kí ó má baà mì, kí a bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà kúrò kí ó tó wú, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Kò pọn dandan kí a pa ejò náà gbé lọ. Ọ̀pọ̀ ló ti gba ìbujẹ kejì níbi tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí sèbé bá tutọ́ sí ojú, omi mímọ́ púpọ̀ ni kí a fi ṣan án lójú ẹsẹ̀.

Ìjàlọ, oyin àti ọ̀bọ

Ìjàlọ kì í gbé ojú kan. Wọ́n ń rìn lọ́wọ̀ọ́wọ́, wọ́n sì ń jẹ ohun ẹlẹ́mìí tí kò bá lè sá. Bí wọ́n bá wọ ahéré lóru, kí a gbé ọmọ ọwọ́ jáde ṣáájú ohun gbogbo, kí a tú ewúrẹ́ àti adìyẹ tí a so sílẹ̀, kí a sì fi ilé sílẹ̀ fún wọn. Eérú gbígbóná tí a dà yí ẹsẹ̀ ibùsùn ká lè yí ọ̀nà wọn padà. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ìjàlọ ń bá ni gbálẹ̀, òótọ́ sì ni: bí wọ́n bá fi máa lọ, aáyán, àkeekèé àti ọmọ eku inú ihò ti tán.

Oyin ń bọ̀ wá sí ibi tí adùn wà. Ní àkókò kajú, òkìtì èso kajú tí a ti yọ hóró rẹ̀, tó ń kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahéré, ń kó oyin àti agbọ́n jọ. Kí a gbé e jìnnà. Bí oyin bá dìde síni, kí a bo ojú, kí a sì sá lọ sínú ilé tàbí sínú ọkọ̀ láìdúró. Títa ọwọ́ sí wọn ń dá kún ìbínú wọn.

Ọ̀bọ àti àáyá ń jí àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti kòkó ní oko. Èyí tó jọ béárì jù nínú ìwà ni ọ̀bọ ńlá tí ẹnu rẹ̀ gùn bí ti ajá. Ẹni tó bá ti lọ sí ọgbà ẹranko Yankari ní Ìpínlẹ̀ Bauchi, tí wọ́n ṣí fún àwọn àlejò ní ọdún 1962, yóò ti rí wọn ní àyíká ìsun omi gbígbóná Wikki. Wọ́n ń já oúnjẹ gbà lọ́wọ́ àlejò, wọ́n ń wọ yàrá tí a kò ti ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n sì mọ báàgì tí oúnjẹ wà nínú rẹ̀. Ènìyàn ló kọ́ wọn. Ẹni tó kọ́kọ́ ju búrẹ́dì sí ọ̀bọ fún eré ti lọ sílé rẹ̀ tipẹ́. Àlejò tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀bọ ń já báàgì gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Omi àti oúnjẹ sísè

Oúnjẹ tí ẹranko kò fọwọ́ kàn ṣì lè bàjẹ́. Kòkòrò àìfojúrí ń pọ̀ sí i nínú ọbẹ̀ tó bá wà láàrin ìwọ̀n ooru 5 sí 60 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, ọ̀sán ilẹ̀ Okun sì wà ní àárín gbùngbùn rẹ̀. Níbi tí kò sí fìríìjì, kí a se ìwọ̀n tí a lè jẹ tán. Bí ó bá ṣẹ́kù, kí a gbé e kaná títí yóò fi hó kí a tó tún jẹ ẹ́. Ìrẹsì tó sùn mọ́jú láìtutù léwu ju bí ó ti rí lójú lọ, nítorí pé gbígbóná rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì kì í pa oró tí kòkòrò ti sù sínú rẹ̀. Àgbàdo àti ẹ̀pà tó bu, bí ó ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó, ni kí a dànù. Omi odò ni kí a sè kí a tó mu.

Béárì, fún àwọn tó wà ní òkè òkun

Béárì ni ẹranko tí àwọn tó ń ka Bíbélì Yorùbá bá pàdé nínú ìtàn wòlíì Èlíṣà. Irú rẹ̀ mẹ́jọ ló kù ní ayé, kò sì sí èyí tó ń gbé ní Áfíríkà mọ́: èyí tó wà ní orí òkè Atlas ní Àríwá Áfíríkà ti parun ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, kò sí béárì nínú igbó. Amẹ́ríkà àti Kánádà ni ọ̀rọ̀ náà ti kan ìdílé Yorùbá tó bá fẹ́ pàgọ́ ní ìgbà ìsinmi.

Ohun tí béárì fi ń wá oúnjẹ ni imú rẹ̀. Ẹni tó bá gbé irú, panla àti ẹja gbígbẹ lọ sí àgọ́ ti kọ lẹ́tà ìpè sí i láìmọ̀. Ìtàn àwọn ọgbà ìjọba Amẹ́ríkà kún fún ẹ̀rí. Ní òru ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ ọdún 1967, béárì pa ọ̀dọ́bìnrin méjì ní ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ọgbà Glacier ní Montana. Àwọn béárì agbègbè náà ti mọ́ra pẹ̀lú jíjẹ àwókù oúnjẹ ènìyàn. Ní ọgbà Yosemite ní California, ó ju ìgbà 1,500 lọ tí béárì ba nǹkan jẹ́ tàbí tí wọ́n jí oúnjẹ ní ọdún 1998 nìkan, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n fà ya nítorí oúnjẹ tó wà nínú rẹ̀. Àpótí irin tí wọ́n gbé sí ibùdó àgọ́ àti agolo líle tí béárì kò lè ṣí ló mú kí iye yìí já wálẹ̀ púpọ̀.

Ìlànà kò rí bákan náà níbi gbogbo. Ní Yosemite, a kò gbọdọ̀ fi oúnjẹ sínú ọkọ̀ lóru. Ní Yellowstone, a lè tọ́jú rẹ̀ sínú ọkọ̀ tí a ti pa. Nítorí náà, kí a bèèrè lọ́wọ́ àwọn olùṣọ́ ọgbà kí a tó pàgọ́. Níbi gbogbo, ọṣẹ, ìpara àti ọṣẹ ìfọyín wà lára oúnjẹ lójú béárì, wọn kò sì gbọdọ̀ wọ inú àgọ́. Ní Yellowstone, wọ́n ní kí ibi ìdáná àti ibi ìpamọ́ oúnjẹ jìnnà tó nǹkan bíi mítà 90 sí ibi tí a sùn, kí aṣọ tí a fi dáná má sì bá wa wọ ibùsùn.

Bí a bá rí béárì, a kì í sá, nítorí pé eré rẹ̀ ju tiwa lọ. Kí a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, kí a máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ohun ààbò tí àwọn olùṣọ́ ọgbà gbà gbọ́ jù ni agolo tí ń fọ́n omi ata sí ojú ẹranko náà, ohun tí kò ní ya ọmọ Okun kankan tó ti jókòó sí ìdí ata díndín lẹ́nu. Bí béárì aláwọ̀ ilẹ̀ bá kọlu ènìyàn, kí ó dojú bolẹ̀, kí ó fi ọwọ́ bo ọrùn, kí ó sì ṣe bí òkú. Bí ó bá jẹ́ béárì dúdú, kí ó jà padà pẹ̀lú ohun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Béárì tó bá ti kọ́ láti máa jẹ oúnjẹ ènìyàn kì í sábà gbàgbé. Àwọn olùṣọ́ ọgbà máa ń fi ìbọn pa á nígbẹ̀yìn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ènìyàn tó gbàgbé àpò ẹran sórí tábìlì ni ó kọ́ ọ.